Ìró Odó Nínú Gbọ̀ngàn Ìrànwọ́

Gbì. Gbì. Gbì.

Inú ògiri ni ìró náà ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ ògiri funfun lásán ni, kò sí ihò kankan lára rẹ̀. Ìbídùn mọ ìró yẹn dáadáa. Odó ilé wọn ni, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló sì di ọmọ odó mú. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀ tó jókòó tì í lórí àga onírin, àmọ́ ìyá kò yíjú sí i. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó tẹjú mọ́ iwájú bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù.

"Ti ọjọ́ Àìkú kan nìyí," ni Ọ̀gbẹ́ni Láwọyin wí. Òun ni ìjọba fi jókòó sí Gbọ̀ngàn Ìrànwọ́ láti pinnu ọmọ tí ìlú máa rán lọ sí yunifásítì àti ọmọ tó máa padà sílé. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ikọ́ sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Inú dígí ojú rẹ̀ ló ti ń kàwé, èèyàn á máa rí iná wínníwínní tó ń sáré kọjá níbẹ̀. Ó mi orí díẹ̀, ìró odó mìíràn sì bẹ̀rẹ̀. "Ti ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e nìyí. Èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣé kí n jẹ́ kó máa lọ?"

"Ó tó, sà," ni Ìbídùn wí.

"Iyán." Ọ̀gbẹ́ni Láwọyin pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń dárúkọ ọ̀rẹ́ tó ti kú. "Láti ìgbà tí òjò ti yí ìwà padà, ilé wo ló ń rí iṣu gún ní Òkè-Ìsádi yìí? Èmi tí ẹ̀ ń wò, láfún ni mo jẹ wá síbí láàárọ̀. Ilé tó ń gún iyán ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ wá ní kí ìlú bá òun gbọ́ bùkátà ọmọ. Màmá, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò."

Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi nílé, tó máa ń bá adìyẹ aládùúgbò jà bí kò bá rí èèyàn bá jà, kò fọhùn. Ó kàn tún gèlè orí rẹ̀ ṣe. Gèlè ọ̀hún ti ń ṣá, ṣùgbọ́n ó wé e dáadáa, kò sí ẹni tó máa rí ibi tó ti ya àyàfi ẹni tó bá ń gbé inú ilé pẹ̀lú rẹ̀.

Lórí tábìlì, láàárín àwọn àti Ọ̀gbẹ́ni Láwọyin, ni Alábàárìn wà. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, kò tóbi ju ìdérí agolo mílíìkì lọ, wọ́n fi okùn sí i kó lè ṣeé gbé kọ́rùn. Gbogbo ọmọ tó bá wọ sẹ́kọ́ńdírì ní Òkè-Ìsádi ni ìjọba ń fún ní tirẹ̀. Òun ló kọ́ Ìbídùn ní ìṣirò. Òun ló ṣàlàyé fún un pé oríṣi ìrànwọ́ méjì ló wà fún ẹni tó bá fẹ́ lọ sí yunifásítì: Ọ̀fẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í bi èèyàn léèrè rẹ̀ mọ́ láéláé, àti Àyálò, tí èèyàn á fi iṣẹ́ ara rẹ̀ san padà níbi tí ìjọba bá rán an lọ. Òun ló kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń tọrọ Ọ̀fẹ́, ohun tí wọ́n máa bi í àti bó ṣe máa dáhùn. Nígbà tí ibà fẹ́ mú un lọ, òun ló ń sọ ìtàn sí i létí títí oorun fi gbé e. Ìbídùn kò ní ọ̀rẹ́ míì tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tí kò sọ fún un rí, títí kan bó ṣe ń wù ú láti kọ́ iṣẹ́ omi, kó lè mọ ògiri tí òkun kò ní lè wó.

Ìdí nìyẹn tí kò fi tètè yé e pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni odó ti gba dé inú ògiri yìí.

"Ìwọ lo gbé e wá," ni ó wí fún ẹ̀rọ náà.

"Èmi ni," ni Alábàárìn dáhùn, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tó fi máa ń sọ pé ó dàárọ̀. "Mi ò parọ́ mọ́ ẹ, Ìbídùn. Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ."

"O ò sọ fún mi pé ò ń kó ohùn ilé wa jọ."

"O ò bi mí."

Inú Ìbídùn bàjẹ́ débi pé ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí èèyàn bá ṣe é bẹ́ẹ̀, yóò mọ bó ṣe máa bá a jà. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bá ìdérí agolo jà?

Ọ̀gbẹ́ni Láwọyin wúkọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀. "Má bínú sí i. Inú gbọ̀ngàn yìí, kò sí ẹni tí kì í sunkún. Àní àwọn tó ní ọkọ̀ òfúrufú nílé máa ń wá yí ara nílẹ̀ níbí. Ìdí nìyẹn tí òfin fi sọ pé ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ níwájú mi kò ní ìwúwo. Èyí tí ẹ bá sọ nílé, lójúde, lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí ẹ ń kí ara yín, òun la máa ń gbà. Ẹ gbọ́ tiyín."

Ògiri tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn àwọn aládùúgbò ni, ohùn ìyá rẹ̀ sì ń dá wọn lóhùn. Ṣé àlàáfíà ni? A dúpẹ́. Ìyá Ìbídùn, ṣé ẹ rí nǹkan jẹ lónìí? Ó kù sílẹ̀, a dúpẹ́. Ṣé kò sí o? Kò sí nǹkan kan, gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa. Ẹnu kan náà, láàárọ̀, lálẹ́, nígbà ọyẹ́ àti nígbà ooru. Ta ni kì í dáhùn bẹ́ẹ̀? Ta ló máa dúró lójú títì kó máa ka ìṣòro rẹ̀ fún ẹni tó kàn ń kí i kọjá lọ? Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ìyẹn, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kò sì jọ pé wọ́n ń gbé níbi tí wọ́n ti ń kíra wọn.

Ìbídùn lè fara da ti kíkí. Ti odó ni kò lè fara dà, torí òun nìkan àti ìyá rẹ̀ ló mọ ohun tó wà nínú odó ọ̀hún. Aṣọ ni. Àkísà kan tí ìyá rẹ̀ máa ń rẹ sómi, tó máa ń ká, tó máa ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ odó, tó sì máa ń gún títí òógùn á fi bo ojú rẹ̀, kí àwọn ará ilé kejì lè gbọ́ pé iná ń jó nílé Ìyá Ìbídùn. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì á mu gààrí.

"Sà," ni Ìbídùn wí, "ìyá mi kò mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn ń gbọ́ àwọn. Ẹ jẹ́ kí èyí wọ inú ìdájọ́ yín. Wọn ò mọ̀."

Alábàárìn ló fèsì. "Wọ́n mọ̀, Ìbídùn. Ọjọ́ tó o gbé mi sójú fèrèsé kí n lè mu oòrùn, tó o lọ wẹ̀, mo sọ fún wọn."

Ló bá gbé ọjọ́ náà jáde. Ìró odó wà níbẹ̀, àti omi tí Ìbídùn ń dà sára lẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn náà ni ohùn jẹ́jẹ́ yẹn béèrè pé, "Màmá, kí lẹ̀ ń gún?" Ohùn ìyá rẹ̀ sì dáhùn pé, "Iyán ni." Alábàárìn ní, "Màmá, ohun tí mo bá gbọ́, ọ̀dọ̀ ìjọba ni mò ń gbé e lọ. Bí wọ́n bá gbọ́ iyán, Ìbídùn lè má rí Ọ̀fẹ́ gbà." Odó dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́. Ìbídùn di etí àga mú, ó ń retí ohun tí ìyá rẹ̀ máa sọ, bí ẹni pé ó ṣì lè yí padà.

"Gbé e lọ," ni ohùn ìyá rẹ̀ wí láti inú ògiri. "Sọ fún wọn pé ilé yìí ò tòsì."

Gbì. Gbì. Gbì.

Ìbídùn wo ìyá rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí ìyá náà wò ó, ó sì tún gbé ojú kúrò kíá.

"Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù," ni Ọ̀gbẹ́ni Láwọyin wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọlẹ̀. "Òfin gbà kí ọmọ inú ilé tako ohun tí ẹ̀rọ gbọ́. Bó o bá sọ níwájú mi pé irọ́ ni ìyá rẹ pa, màá pa ìró odó yẹn rẹ́, màá pa àwọn a-dúpẹ́ wọ̀nyẹn náà rẹ́, Ọ̀fẹ́ á sì jẹ́ tìẹ. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ inú gbọ̀ngàn yìí lè ṣe nìyẹn. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa?"

Ẹ̀yin náà ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí ọmọ fi ẹnu rẹ̀ sọ. Nígbà tí Ìbídùn wà ní kékeré, eré ló ń ṣe lọ́jọ́ kan tó fi sọ pé, "Màmá, irọ́ ni." Ìyá rẹ̀ gbá a létí, ìyá àgbà tó wà ní kọ̀rọ̀ dìde wá gbá a létí kejì, kò sì sí ẹni tó bá a bẹ̀bẹ̀. Wọn kì í sọ fún àgbà pé ó purọ́, ká má tíì wá sọ ìyá ẹni, níwájú ọkùnrin tí èèyàn kò mọ̀ rí. Ó gbìyànjú. Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyá mi kì í purọ́, sà," ni ohun tó jáde.

Ọ̀gbẹ́ni Láwọyin yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ó kù Àyálò. Tó o bá fẹ́ ẹ, wàá fi ohùn rẹ bura fún mi lọ́la." Ó na Alábàárìn sí i. "Gbé e kọ́rùn. Títí oòrùn fi máa wọ̀ lónìí, ó ṣì ń gbọ́. Bó bá gbọ́ nǹkan míì níta, òun náà á wọ inú ìdájọ́." Ó wo Ìyá Ìbídùn bó ṣe sọ èyí. "Níta, Màmá. Kì í ṣe níbí."

Wọ́n ń lọ sílé. Lórí gbogbo òrùlé ni àwọn alángbá onírin ti ń rìn, tí wọ́n ń fi ìrù wọn nu eruku kúrò lójú páànù oòrùn tó ń fún ilé níná. Iṣẹ́ Ìyá Ìbídùn nìyẹn tẹ́lẹ̀, kí àwọn alángbá tó dé. Àkàbà rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé. Aṣọ tó fi ń nu páànù nígbà náà ló di aṣọ inú odó.

Ní oríta ni ẹsẹ̀ Ìbídùn ti dúró, torí ibẹ̀ ni Pátákó Ìmoore wà. Pátákó ńlá kan ni, ojú àwọn tí ìlú fún ní Ọ̀fẹ́ ló ń yí lójú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ọmọ àti òbí. Lábẹ́ àwòrán wọn ni wọ́n máa ń kọ ohun tí wọn kò ní, kí gbogbo ìlú lè mọ ibi tí owó òun lọ. Ojú bàbá kan yọ síta bí wọ́n ṣe dúró. Kò rí jẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ni pátákó wí. Ojú bàbá náà lọ, ti ẹlòmíì dé.

"Ṣé torí èyí ni?" ni Ìbídùn béèrè.

"Títí wàá fi jáde ní yunifásítì ni wọn á fi ojú mi sókè yẹn," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kì í ṣe ọjọ́ kan. Kí èmi máa kọjá lábẹ́ ojú ara mi, kí n máa lọ pọnmi."

"Màmá, èmi ni ọmọ yín."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ pé mo máa pàdánù ẹ̀, ẹ sì ń gún aṣọ lọ."

Ìyá rẹ̀ dúró. "Ìbídùn, ìwọ ò mọ ẹni tí bàbá mi jẹ́ ní Èkó kí òkun tó gbé ìlú náà lọ. Ìyá tó bí Ìyá Wúrà, aládùúgbò wa yìí, ayálégbé wa ni. Yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé. Orí eékún ló máa ń wà tó bá ń bẹ bàbá mi kó fún òun láyè sí i. Àwọn kan náà ló yí mi ká níbí, ọmọ wọn, ọmọ-ọmọ wọn. Ohun tó kù fún mi ò ju kí wọ́n ṣì máa rò pé ọmọ bàbá mi ni mí."

"Èmi ńkọ́? Kí ló kù fún èmi? Àyálò? Ṣé bí wọ́n ṣe mú Wúrà lọ lẹ fẹ́ kí wọ́n mú mi lọ?"

Wúrà, ọmọ Ìyá Wúrà, Àyálò ló gbà. Wọ́n rán an lọ síbi ògiri òkun lẹ́yìn tó jáde, kò tíì wálé láti ìgbà náà. Iṣẹ́ kò tíì tán, ni wọ́n ń sọ.

Omi bọ́ lójú ìyá rẹ̀. Ó fi etí gèlè nù ún. "Kí ni kí n ṣe?"

Ìbídùn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ṣì lè rí oòrùn lókè òrùlé, pupa, tó ti ń bọ̀ sísàlẹ̀. "Ìyá Wúrà máa wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n máa kí yín. Tí wọ́n bá ti kí yín, ẹ kàn sọ pé kò rọrùn. Ẹ ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò rọrùn. Ẹ̀rọ yìí á gbọ́. Ṣé ẹ máa sọ ọ́ fún mi, Màmá?"

"Màá sọ ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní màá sọ ọ́, Ìbídùn. Ọmọ mi ni ẹ́."

Ìbídùn gbà á gbọ́. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá ẹni ló sọ ọ́, pẹ̀lú omi lójú, kí ló tún kù tí èèyàn máa béèrè? Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ débi pé òun ló ṣáájú.

Ìyá Wúrà jókòó lórí àpótí níwájú ilé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́. Obìnrin tínrín kan ni, kì í sì í pariwo. Bó ṣe rí wọn ló gbọn èèpo kúrò lára aṣọ, ó dìde.

"Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Ìbídùn. Ìbídùn, káàbọ̀. Ṣé dáadáa lẹ dé? Ṣé àlàáfíà ni?"

Ìyá Ìbídùn dúró. Ìbídùn rí bó ṣe wo ojú Ìyá Wúrà, tó wo abọ́ ẹ̀gúsí, tó wá na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ bí ọmọ onílé.

"A dúpẹ́ o," ni ó wí. "Àlàáfíà la wà. A kàn fẹ́ tètè wọlé ni, iṣu wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ gún."

Ní àyà Ìbídùn, Alábàárìn tan iná kékeré kan, ó sì pa á. Ó ti gbọ́.

Ohun tí wọ́n gbọ́ nínú gbọ̀ngàn, ó ṣeé sọ pé ojú ló ń ti ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n èyí, lẹ́yìn ìlérí tó ṣì gbóná lẹ́nu. Ìbídùn kò mọ ìgbà tó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó há sí i lọ́fun láti ọ̀sán ṣáà jáde fúnra rẹ̀, kò sì lọ́ra.

"Irọ́ ni màmá mi pa."

Ìyá Wúrà gbé ọwọ́ lé àyà.

"Kò sí iṣu nílé wa," ni Ìbídùn wí. "Kò sí rí. Aṣọ ni wọ́n máa ń rẹ sómi, òun ni wọ́n máa ń gún lódó kẹ́ ẹ lè gbọ́. Gààrí là ń mu. Lónìí, a ò tíì mu ún."

Ìyá rẹ̀ kò gbá a létí. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. Ìyá Wúrà sún mọ́ wọn, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn ará òdìkejì má baà gbọ́.

"A mọ̀, Ìbídùn," ni ó wí. "Ẹ má bínú, Ìyá Ìbídùn. Ó ti pẹ́ tá a ti mọ̀. Ẹni tó bá gún iyán á fọ odó, a ò rí i kẹ́ ẹ fọ odó rí. A kàn rò pé bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

"Ẹ mọ̀," ni Ìyá Ìbídùn wí. Kì í ṣe ìbéèrè.

"Gbogbo wa."

Alábàárìn sọ̀rọ̀ láti àyà Ìbídùn, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tó ń jí i lówùúrọ̀. "Ìbídùn, mo ti gbọ́. Oòrùn ò tíì wọ̀. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?"

Ìyá rẹ̀ ń wò ó. Kò bẹ̀ ẹ́, kò bínú. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà. Ìbídùn rántí Pátákó Ìmoore, ó rí gèlè yìí àti ojú yìí tí wọ́n ń yí lókè níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, àti ìkọ̀wé tó máa wà lábẹ́ rẹ̀. Ó rántí ohùn tó sọ pé gbé e lọ.

"Fi ránṣẹ́," ni ó wí.

Iná kékeré yẹn tàn, kò kú mọ́. Ìyá rẹ̀ yíjú, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kò ti ilẹ̀kùn. Ìyá Wúrà ní kí Ìbídùn wá jókòó sórí àpótí, Ìbídùn kò lè jókòó. Ó dúró níta títí oòrùn fi wọ̀ tán.

Ìgbà náà ni ìró dún láti ẹ̀yìnkùlé wọn. Kì í ṣe gbì. Kó, kó, kó ni, igi lára igi, odó òfìfo. Ìyá rẹ̀ kò fi aṣọ sí i. Àwọn aládùúgbò yọ sẹ́nu ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọ́ ọ, ẹnikẹ́ni kò sì kí Ìbídùn.